Ìgbẹ́ Adìyẹ àti NPK Lórí Oko Kan Náà: A Dá Àwọn Àgbẹ̀ Lóhùn

Láti ìgbà tí àpò ajílẹ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó, ìbéèrè kan ló gba iwájú nínú àwọn lẹ́tà tó ń dé sí ojú ewé yìí: ṣé kí àgbẹ̀ fi ajílẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ kó padà sí ìgbẹ́ ẹran, àbí kí ó máa lo méjèèjì pọ̀? A ṣa díẹ̀ jáde nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n. Níbikíbi tí a bá ti kọ ajílẹ̀ ìbílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, ìgbẹ́ ẹran, ewé àti pàǹtí jíjẹrà ni a ń sọ. Ajílẹ̀ òyìnbó sì ni NPK (èyí tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù, oúnjẹ mẹ́ta tí ohun ọ̀gbìn ń wá jù), yúríà (tí náítírójìn nìkan wà fún) àti irú wọn tó ń wá nínú àpò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àgbẹ̀ alágbàdo ni mí ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Orí ilẹ̀ kan náà ni mo ti ń gbin àgbàdo láti ọdún méje sẹ́yìn, NPK 15-15-15 ni mo sì ń lò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àpò mẹ́rin lórí éékà kan máa ń tó mi. Ní báyìí, iye kan náà ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ọmọ àgbàdo kò kún mọ́, ewé rẹ̀ sì máa ń pọ́n kí ó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ní kí n jáwọ́ nínú ajílẹ̀ òyìnbó, kí n máa lo ìgbẹ́ adìyẹ nìkan. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, bàbá. Ọmọ yín ti rí ibi tí ìṣòro wà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó fún yín kò tíì pé. Ẹ má ṣe jáwọ́ nínú NPK. Ẹ dín in kù, kí ẹ sì fi ìgbẹ́ adìyẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe pé NPK kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀ náà ni kò ní agbára láti di oúnjẹ tí ẹ ń fún un mú. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè yín ló jẹ́ oníyanrìn lójú, amọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí kì í lè gbá èròjà mọ́ra púpọ̀. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun jíjẹrà inú yẹ̀pẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: òun ni ó ń gba omi òjò dúró, òun ni ó ń di èròjà ajílẹ̀ mú títí gbòǹgbò yóò fi dé ibẹ̀, òun náà sì ni ekòló àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ ń jẹ. Àwọn bàbá wa kì í ro ilẹ̀ kan kọjá ọdún mélòó kan kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún igbó, ewé tó sì ń wọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún nínú igbó náà ló ń dá ohun jíjẹrà padà sínú ilẹ̀. Ẹ̀yin ti gbin àgbàdo fún ọdún méje gbáko láìfún ilẹ̀ ní ìsinmi. Bí ẹ bá tún wà lára àwọn tó ń sun pòròpórò kí wọ́n tó kọ ilẹ̀, àdánù náà ti di ìlọ́po, nítorí pé pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù a ṣẹ́ kù sínú eérú, ṣùgbọ́n náítírójìn a bá èéfín lọ.

Fífi NPK nìkan sórí irú ilẹ̀ yìí dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pọn omi sínú agbọ̀n. Òjò ńlá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún máa ń fọ náítírójìn kọjá ibi tí gbòǹgbò àgbàdo lè dé. Ẹ wo ewé ìsàlẹ̀ dáadáa nígbà tí pípọ́n náà bá tún bẹ̀rẹ̀: bí ó bá ti ṣóńṣó ewé bẹ̀rẹ̀, tó sì ń tọ eegun àárín ewé wọlé síhà ìdí, náítírójìn ni àgbàdo yín ń wá, bí ó bá jẹ́ etí ewé ni ó ń jó, pọtásíọ̀mù ni kò tó. Yàtọ̀ sí èyí, yúríà àti náítírójìn inú ọ̀pọ̀ NPK máa ń sọ ilẹ̀ di kíkan díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ìwọ̀n pH ilẹ̀, èyí tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ti kan tó, bá ti lọ sílẹ̀ ju 5.5 lọ, aluminium inú ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, a sì máa ba gbòǹgbò jẹ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ fi owó gidi rà a sì há mọ́ inú yẹ̀pẹ̀ níbi tí ohun ọ̀gbìn kò ti lè rí i lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní Samaru, nítòsí Zaria, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní nǹkan bí 1950, níbi tí wọ́n ti ń gbin ohun ọ̀gbìn sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù sí apá kan, ajílẹ̀ òyìnbó sí apá mìíràn, àti méjèèjì sí òmíràn. Ibi tó ń gba ajílẹ̀ òyìnbó nìkan ń kan sí i, ohun jíjẹrà inú rẹ̀ sì ń dín kù. Ibi tó ń gba ìgbẹ́ pẹ̀lú ajílẹ̀ kò ṣá bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá ti ń gba ọ̀nà yìí bọ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Àbújá ní 2006, àfojúsùn wọn ni kí lílo ajílẹ̀ pọ̀ dé 50 kìló èròjà lórí hẹ́kítà kan. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nairobi ní oṣù Karùn-ún 2024, ìlera ilẹ̀ ti wọ inú orúkọ ìpàdé náà. Ní tiwa, ó yẹ kí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí ìgbẹ́ adìyẹ nìkan kò fi ní tó yín. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti fà gbẹ díẹ̀ sábà máa ń ní nǹkan bí 2 sí 3 kìló náítírójìn nínú 100 kìló. Ẹ jẹ́ kí a fi 2 ṣe ìṣirò. Tọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn 40 àpò oní-50 kìló, yóò ní 40 kìló náítírójìn, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀, 20 kìló, ni àgbàdo lè rí lò ní àsìkò àkọ́kọ́. Èyí tó kù a máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ohun ọ̀gbìn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àpò NPK 15-15-15 oní-50 kìló kan ní 7.5 kìló náítírójìn (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni kìló náítírójìn tó wà nínú 100 kìló), àpò yúríà kan sì ní 23 kìló. Èyí túmọ̀ sí pé 40 àpò ìgbẹ́ adìyẹ lè fún àgbàdo yín ní náítírójìn tó lé díẹ̀ ní ti àpò NPK méjì àbọ̀ lọ́dún yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìgbẹ́ nìkan fún un ní 46 kìló tó máa jẹ́ kó yó, ẹ óò nílò iye tó lé ní 90 àpò lórí éékà kan ṣoṣo. Ẹni tí oko adìyẹ kò sún mọ́ kò lè rí i kó, owó ọkọ̀ nìkan á sì gbé èrè rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbẹ́ kì í yára. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn gbígbìn títí dé ìgbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ yóò yọ ni àgbàdo ń jẹun jù, ìgbẹ́ tó ń jẹrà kì í sì í wo ojú àgbàdo kí ó tó pinnu ìgbà tí yóò tú oúnjẹ sílẹ̀.

Ohun tí a dá lábàá fún yín lórí éékà kan nìyí. Ẹ fọ́n 40 àpò ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sórí ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbin, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ilẹ̀, nítorí pé èyí tó bá wà lójú ilẹ̀ nínú oòrùn á fi náítírójìn rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn gbígbìn, ẹ fi àpò NPK méjì sí i dípò mẹ́rin. Bí ó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí ilẹ̀ sì tutù, ẹ fi ìdajì àpò yúríà sí i. Bí a bá ṣe àròpọ̀ rẹ̀, 20 kìló láti inú ìgbẹ́, 15 láti inú NPK àti 11.5 láti inú yúríà, ó ju 46 kìló lọ, bẹ́ẹ̀ 30 péré ni àpò NPK mẹ́rin tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ń fún un. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ igi àgbàdo, kí ó jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ẹ da ajílẹ̀ sí i, kí ẹ sì bò ó. Yúríà tí a fọ́n sórí ilẹ̀ láìbò, pàápàá nígbà tí oòrùn mú, owó tó ń fò lọ ni.

A mọ̀ pé ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni púpọ̀ nínú yín fi ń wọn ajílẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn ọgọ́rùn-ún ìdérí sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ lè mọ iye tí ìdérí kan ń gbé gan-an. Ẹni tó gbin àgbàdo kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25 ní igi tó ju 21,000 lọ lórí éékà kan. Àpò NPK méjì yóò fún igi kọ̀ọ̀kan ní kò tó gíráàmù márùn-ún. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má sun pòròpórò mọ́. Ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sáàárín aporo.

Ìbéèrè: Àkùrọ̀ kan lẹ́bàá odò Ògùn ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Mo ra ìgbẹ́ adìyẹ tuntun, mo fọ́n ọn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fúnrúgbìn lọ́jọ́ kejì. Ìwọ̀nba tó hù jó mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n máa po eérú mọ́ yúríà kí n tó fọ́n ọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa, ẹ kú àdánù. Ìgbẹ́ tuntun ló jó wọn. Afẹ́fẹ́ amóníà tó ń ti inú rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń ta ojú ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, àti iyọ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀, ni ó pa gbòǹgbò wẹ́wẹ́ náà.

Ẹ kó ìgbẹ́ jọ sábẹ́ ibòji, kí ó ga tó mítà kan, ẹ po koríko gbígbẹ tàbí ewé mọ́ ọn, ẹ wọ́n omi sí i kí ó rin láìkún fún omi, kí ẹ sì fi ọ̀rá tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bí ó bá tó ọjọ́ mélòó kan, ẹ ki igi sí àárín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ibi tó wọlé. Ó yẹ kí ó gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Ooru yìí ló ń pa kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Ẹ máa yí i po lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, kí ti ẹ̀gbẹ́ lè wọ àárín. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí igi náà ń jáde ní tútù, tí ìgbẹ́ ti dúdú tó sì ń fọ́ lọ́wọ́, tí kò rùn mọ́, ó ti yá. Nípa ẹ̀fọ́, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo èyí, nítorí pé ilẹ̀ ni ewé tẹ̀tẹ̀ fẹ̀yìn tì, kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ tútù sì lè bá ẹ̀fọ́ wọ inú ilé oníbàárà yín.

Fún bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà mẹ́wàá, nǹkan bí kìló mẹ́wàá ìgbẹ́ tó ti jẹrà tó o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí ẹ̀fọ́ bá hù, ẹ yọ́ 50 gíráàmù yúríà sínú kẹ́ẹ̀nì ìbomirin oní-lítà mẹ́wàá, ẹ wọ́n ọn sí bẹ́ẹ̀dì náà lásìkò tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, kí ẹ sì fi omi lásán ṣan ewé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó bá pọ̀ jù, inú odò ni òjò yóò gbé e lọ, àwọn ènìyàn sì ń lo omi odò náà.

Ní ti eérú àti yúríà, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ yín fẹ́re, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Eérú dára, ó ń pa kíkan ilẹ̀, ó sì ní pọtásíọ̀mù. Àmọ́ bí ó bá pàdé náítírójìn inú ajílẹ̀, a máa lé e jáde bí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá po eérú mọ́ NPK nínú abọ́, tó wọ́n omi sí i, òórùn tó máa gún un nímú ni owó rẹ̀ tó ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọ́n eérú, ẹ kọ ọ́ mọ́ ilẹ̀, kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí yúríà tó dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Òṣogbo ni mo wà. Mo ń sin adìyẹ lórí ìyẹ̀fun pákó tí mo ń kó láti ilé ìlagi. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí oko àgbàdo mi, kò sì jó o, ṣùgbọ́n àgbàdo náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ fún bí oṣù kan. Ṣé ìgbẹ́ mi kò dára ni?

Ìdáhùn: Ìgbẹ́ yín dára, ìyẹ̀fun pákó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń jẹ pákó nílò náítírójìn kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́, pákó fúnra rẹ̀ kò sì ní in tó. Wọ́n á kọ́kọ́ gba èyí tó wà nínú ilẹ̀, àgbàdo á sì máa wò wọ́n. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́ tí wọ́n sì kú, náítírójìn náà á padà sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo tó ń dúró dè é lè ti pẹ́ jù.

Níhìn-ín ni ajílẹ̀ òyìnbó ti wúlò jù. Ẹ bu yúríà díẹ̀ wọ́n òkìtì náà nígbà tí ẹ bá ń kó o jọ, kí ẹ rin ín, kí ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó kó o lọ sóko. Èyí tó ti wà lóko báyìí, ẹ fi yúríà sí ìdí àgbàdo lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé tuntun yẹ kí ó ti máa yọ ní àwọ̀ tútù. Ẹ̀wà lẹ lè gbin sórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti kórè àgbàdo, nítorí pé ẹ̀wà ń gba náítírójìn tirẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ní ìhà Ìjẹ̀bú níbí, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ kò nílò ajílẹ̀ kankan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀gẹ́ lè fara da ilẹ̀ tó ti ṣá ju àgbàdo lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin ín kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun náà máa ń kó ọ̀pọ̀ pọtásíọ̀mù kúrò nínú ilẹ̀, nítorí pé a ń wú gbogbo ìṣù rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ oníyanrìn, tí òjò sì pọ̀ níbẹ̀, sábà máa ń kan. Ẹ fi ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà sínú ebè, kí ẹ sì fi NPK 12-12-17 díẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹ má fi yúríà rọ́ ọ yó: igi àti ewé ni yóò máa hù, ìsàlẹ̀ kò sì ní mú nǹkan wá.

Ìbéèrè: Oníkòkó ni mí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì ń gbin àgbàdo àti iṣu díẹ̀. N kò sin ẹran, oko adìyẹ sì jìnnà sí wa. Kí ni kí n lò?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ ń wá wà lẹ́sẹ̀ yín. Igi kékeré olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tó kún ẹ̀gbẹ́ títì, tí àwọn kan ń pè ní jogbo tàbí agbálẹ̀, ewé rẹ̀ ní náítírójìn púpọ̀, ó sì ń yára jẹrà. Ẹ gé e kí ó tó yọ òdòdó, nígbà tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣì rọ̀, ẹ ṣá a wẹ́wẹ́, kí ẹ rì í mọ́ inú ebè tàbí aporo ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú gbígbìn. Ewé Akíntọ́lá náà dára. Agúnmaníyẹ̀ tí ẹ fi ṣe ọgbà ju ọgbà lọ. Ẹ máa gé ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàdo. Nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, ẹrù rẹ̀ yóò pọ̀, nítorí náà ẹ lò ó fún oko tó sún mọ́ ibi tí ewé wà, kí ẹ sì fi ìdajì NPK tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kún un.

Èèpo kòkó tí ẹ ń kó jọ sí ibi tí ẹ ti ń fọ́ kòkó, pọtásíọ̀mù kún inú rẹ̀, iṣu sì fẹ́ ẹ. Náítírójìn rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ẹ fi ewé jogbo àti yúríà díẹ̀ sáàárín rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń to òkìtì. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná, kí ó sì jẹrà pátápátá, torí pé èèpo èyí tí àrùn ti sọ di dúdú lè gbé àrùn náà padà sídìí kòkó. Kódà lẹ́yìn tó bá jẹrà tán, oko iṣu àti àgbàdo ni kí ẹ kó o lọ. Ní Ìbàdàn, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà láti sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀, kí wọ́n sì fi èròjà ajílẹ̀ òyìnbó kún apá kan rẹ̀ kí wọ́n tó dì í sínú àpò. Ohun kan náà lẹ lè ṣe lóko yín pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n yẹ ilẹ̀ wò kí n tó ra ajílẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n owó tó máa ń mú èrè wá ni, pàápàá fún ẹni tí oko rẹ̀ tó éékà mélòó kan. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ní ojú ibi 15 sí 20 káàkiri oko, kí ẹ gbẹ́ ẹ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ yẹra fún ìdí òkìtì ọ̀gán, ojú ààrò, ibi tí wọ́n ti sun igi àti ibi tí màlúù ti sùn. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó mọ́ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú àpò tó ti gbé ajílẹ̀ rí. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a sí ibòji kí ó gbẹ, kí ẹ bu bí ìdajì kìló nínú rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti yàtọ̀ síra, bí òkè àti àkùrọ̀, ẹ bu tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn àti ohun tí ẹ ti gbìn tẹ́lẹ̀ fún wọn, kí ẹ béèrè pH, ohun jíjẹrà, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù, kí ẹ sì mú ìwé èsì náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ ra ajílẹ̀.